Ife Orí Pápá àti Ife Inú Ọ́fíìsì: Èwo Ni Tòótọ́?

Láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ sójú ewé yìí pé Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Rẹ́mọ tó gba ife líìgì Nàìjíríà, lẹ́tà yín kò jẹ́ kí n rímú mí mọ́. Àwọn kan ń yìn mí, àwọn kan ń bú mi. Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí n padà sílé ìwé.

Mẹ́ta nínú àwọn lẹ́tà náà ni n ó dáhùn lónìí.

Àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá olóbì kan ní Sábó, Ṣàgámù níbí. Ó ní irọ́ ni mo pa, pé ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni Remo Stars gba ife, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ó ní ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á, pé ìṣirò ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìkejì wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Mákùn. Tiẹ̀ yàtọ̀. Ó ní: “Ọmọdé ni ọ́, ìwọ akọ̀ròyìn yìí. O ò rí Shooting Stars. Ife tí wọ́n gbà ní 2025 yẹn, ta ni wọ́n bá du ú?” Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti di ti bàbá! Ìkẹta, ìyá télọ̀ kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ló kọ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá, n ó fi í sí ìparí.

Ìyá mi olóbì, mo gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe jẹ́ fún àwọn tí kò mọ̀. Sáà 2022/23 pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Àsìkò ti ká àwọn aláṣẹ líìgì mọ́, ni wọ́n bá pín ẹgbẹ́ ogún sí ọ̀nà méjì, mẹ́wàá níbí, mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta tó ṣíwájú ní ìhà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kó lọ sí Èkó lóṣù kẹfà, pé kí àwọn mẹ́fà náà wá fi ẹsẹ̀ pinnu ẹni tí yóò gbé ife. Enyimba ti Abá wà níbẹ̀, Rivers United wà níbẹ̀, Bendel Insurance, Lobi Stars, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, àti àwọn ọmọ tiwa. Márùn-ún péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Enyimba ní póìǹtì 9, Remo Stars náà ní póìǹtì 9. Wọ́n wá ka gólù tí kálukú gbá wọlé, wọ́n yọ èyí tí wọ́n gbá wọlé tiwọn kúrò. Ti Enyimba ló pọ̀ jù. Wọ́n sì gbé ife lọ sí Abá, ìkẹsàn-án wọn.

Ṣé ojooro ni? Rárá o. Òfin tí wọ́n kà sí gbogbo ẹgbẹ́ létí kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni. Bí a bá dá èésú, tí a ti sọ ọ́ níjọ́ àkọ́kọ́ pé lágbájá ni yóò kó kẹ́yìn, kò sí bí a ó ṣe máa jà nígbà tó bá di ọjọ́ ìkẹyìn. Nítorí náà, ìyá mi, ẹ má bínú, ti Enyimba ni 2023. Mi ò lè gbà á fún yín.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọ̀ mí lára ni pé eré márùn-ún kéré. Ẹni tó bá ta obì fún ọjọ́ márùn-ún, tí èrè wọlé fún un, ẹ ò ní torí ìyẹn sọ pé òun ló mọ obì tà jù ní gbogbo Sábó. Ó dìgbà tí òjò bá rọ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí kòkòrò bá wọ apẹ̀rẹ̀, kí a tó mọ ọlọ́jà. Líìgì náà rí bẹ́ẹ̀. Lílọ àti bíbọ̀ ni, ilé àti oko ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ti 2023 tilẹ̀ sàn, nítorí orí pápá ni wọ́n ti parí rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2018. Ìjà àga bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀gá àjọ bọ́ọ̀lù ní Àbújá, líìgì dúró lẹ́yìn eré 24 nínú 38, kò sì lọ mọ́. Lobi Stars ti Makurdi ló wà lókè tábìlì lọ́jọ́ náà, orúkọ wọn sì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìdíje àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà. Eré 14 ṣì wà ńlẹ̀! Ẹni tó wọ ọkọ̀ ní Ṣàgámù tó ń lọ sí Ìkòròdú, tí ọkọ̀ bàjẹ́ fún un ní Ògijo, ṣé a lè sọ pé ó ti dé Ìkòròdú? Mi ò sọ pé Lobi kì í ṣe ẹgbẹ́ tó dára o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ẹni tó mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ nínú eré 14 yẹn, títí kan àwọn Lobi fúnra wọn. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò fi tán títí di òní.

Ọdún 2020, Kòrónà dé, líìgì tún dá dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n mú bírò, wọ́n fi iye eré tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gbá pín póìǹtì rẹ̀, Plateau United ti Jọ́ọ̀sì ló bọ́ sókè. Àwọn ló lọ ṣojú Nàìjíríà lókè òkun. Kálukúlétò ni!

Kí ẹ má baà rò pé àwa nìkan ni a máa ń ṣe báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà díẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì ibẹ̀ ní bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tó gùn bí ẹyin, tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1998, kò sí ètò kankan tó fi dandan mú ẹgbẹ́ méjì tó dára jù kí wọ́n pàdé kí wọ́n gbá àṣekágbá. Ìbò ni wọ́n ń dì! Àwọn akọ̀ròyìn ń dì tiwọn, àwọn kóòṣì ń dì tiwọn. Ní 1978, àwọn akọ̀ròyìn ní Alabama ni ọ̀gá, àwọn kóòṣì ní rárá, yunifásítì Southern California ni. Ẹ sì wá gbọ́ èyí tó dùn jù níbẹ̀: ní ọdún yẹn gan-an, àwọn Southern California ti lọ na Alabama mọ́ ilé, 24 sí 14. Síbẹ̀ àwọn akọ̀ròyìn dì í fún ẹni tí wọ́n nà. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1990, ní 1991, ní 1997, kí ẹgbẹ́ méjì máa pe ara wọn ní ọ̀gá lọ́dún kan ṣoṣo. Àwọn bàbá arúgbó ṣì ń jà lórí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gé irun. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀ròyìn ni mo ń sọ ọ́ fún yín: ẹ má ṣe jẹ́ kí akọ̀ròyìn bá yín dìbò lórí ohun tí ẹsẹ̀ lè parí.

Nílẹ̀ Áfíríkà níbí ńkọ́? Ní 2019, Wydad ti Mòrókò lọ bá Espérance ní Tùnísíà láti gbá àṣekágbá. Wydad gbá gólù, rẹfirí fagi lé e, wọ́n ní kí wọ́n lọ wo tẹlifíṣọ̀n tó ń ran rẹfirí lọ́wọ́, tẹlifíṣọ̀n kò ṣiṣẹ́. Wydad bínú, wọn ò gbá mọ́. Àjọ Áfíríkà kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún un gbá, ẹjọ́ dé Siwitsalandi, wọ́n da ìyẹn nù, nígbà tó yá wọ́n fi ife sílẹ̀ fún Espérance. Ife tí lọ́yà bá bá èèyàn gbé, bóyá ó máa ń dùn, èmi kò mọ̀.

Ìdí tí mo fi rìn gbogbo ọ̀nà yìí ni kí n lè sọ ohun tó mú ti Ìkẹ́nnẹ́ yàtọ̀. Ọdún 2023 ni mo ti sọ. Ní 2024, eré 38 pé pérépéré, Rangers ti Enúgu ló gbé e, Remo Stars tún ṣe ipò kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra! Àwọn èèyàn ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣekejì ni orúkọ wọn. Ní sáà 2024/25, lábẹ́ kóòṣì Daniel Ògúnmọ́dẹdé, wọ́n na Niger Tornadoes 1–0 ní Ìkẹ́nnẹ́, ni ife bá wọlé, nígbà tó ṣì ku eré mẹ́ta kí líìgì parí. Kò sí ìṣirò gólù níbẹ̀. Kò sí bírò, kò sí lọ́yà, kò sí ìbò. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù, ife náà kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ẹgbẹ́ aládàáni sì ni. Ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa, owó ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Kúnlé Soname ló ni Remo Stars, òun ló kọ́ pápá tí wọ́n ń lò ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó wà lára àwọn tó dá Bet9ja sílẹ̀ pẹ̀lú. Èmi kò fẹ́ràn tẹ́tẹ́ o, mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó fi owó oúnjẹ ta á, tó wá ń fi omi mu gààrí láìsí ṣúgà. Ṣùgbọ́n pápá wà níbẹ̀, koríko wà níbẹ̀, ọmọ Rẹ́mọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. N ó sọ méjèèjì, kí ẹ má bàa ní mo gbàbọ̀dè.

Ó wá ku ọ̀gá wa mẹkáníìkì ní Mákùn. Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Òótọ́ ni, wọn ò tí ì bí mi nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti bi àwọn tó rí i, mo sì ti kà nípa rẹ̀. Ní 1976, Shooting Stars ti Ìbàdàn bá Tonnerre ti Yaoundé pàdé nínú àṣekágbá ife àwọn tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà. Roger Milla tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà, Tonnerre ló wà nígbà yẹn. Wọ́n nà wọ́n 4–1 ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, wọ́n jẹ ẹyọ kan, ife sì ti bọ́ sọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tí ì ṣe irú rẹ̀ rí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn àti Rangers pàdé nínú ìdíje kan náà, ọ̀mì ni níjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀mì ni níjọ́ kejì ní Kàdúná, Rangers wá fi pẹnáritì mú wọn. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ Kàdúná níwájú ará Ìbàdàn tó dàgbà, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ti bàjẹ́. Pẹnáritì pẹ̀lú, orí pápá ni wọ́n ti gbá a, bàbá. Ó tán.

Ṣé Remo Stars 2025 lè na Shooting Stars 1976? Bàbá, mi ò ní purọ́. Nígbà tí Remo Stars lọ sí ìdíje Áfíríkà lóṣù kẹwàá 2025, Mamelodi Sundowns ti Gúúsù Áfíríkà wá bá wọn ní Abẹ́òkúta, wọ́n lù wọ́n 5–1. Ojú tì wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè ọjà: bí ẹnìkan bá fi kọ́ńgò àtijọ́ wọn gààrí, tí ẹnìkejì fi kọ́ńgò ìsinsìnyí tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọlé wọn tiẹ̀, ṣé a lè jókòó máa ka iye kọ́ńgò tí kálukú tà? Ní 1976, gbogbo ẹsẹ̀ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá nílẹ̀ yìí, ilé ló wà. Lóde òní, ọmọ tó bá gbóná, kò ní pé ọmọ ogún ọdún tí òyìnbó á ti mú un lọ. Victor Osimhen tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 2023 kò gbá líìgì Nàìjíríà rí. Àwọn tó kù sílé ni Ògúnmọ́dẹdé kó jọ, àwọn tó kù sílé náà ni àwọn mọ́kàndínlógún yòókù ní. Kọ́ńgò kan náà ni gbogbo wọn fi wọ̀n lọ́dún yẹn. Tiwa ló kún jù.

Ibi tí lẹ́tà bàbá ti dùn mọ́ mi jù ni ìparí rẹ̀. Ó ní àwa akọ̀ròyìn, ọmọ ilé ìwé nìkan ni a máa ń pọ́n lé, pé a kì í rántí pé ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Mudà Lawal. Bàbá, ẹ gbá gólù níbẹ̀!

Lóòótọ́, ilé ìwé ṣe gudugudu méje. Ife Pírínsípà tí wọ́n ń du ní Èkó láyé ọjọ́un, àwọn èèyàn ń ti ṣọ́ọ̀bù wọn láti lọ wò ó. Láti St. Finbarr's tí Fada Slattery dá sílẹ̀ ní 1956 ni Stephen Keshi ti wá, ibẹ̀ ni Henry Nwosu náà ti wá. Nwosu ni ó kéré jù nínú àwọn tó gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà ní 1980, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ìbàdàn ni nígbà tó ń gbá fún Shooting Stars. Wọ́n ń pè é ní ọlọ́gbọ́n ìṣirò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àṣekágbá 1980 yẹn ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà 3, Àlùjíríà 0. Ọdẹ́gbàmí ọmọ Pólì gbá méjì wọlé, Mudà Lawal ọmọ mẹkáníìkì gbá ẹ̀kẹta. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Mudà. Ìdíje ife Áfíríkà márùn-ún ló lọ tẹ̀léra, láti 1976 dé 1984. Ó kú ní 1991, pápá kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Aṣèrò ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá ní kí n mú ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn tó ti ilẹ̀ Yorùbá jáde láyé ìgbà náà, Mudà ni n ó mú. Aṣekára ni, ó ń ṣe iṣẹ́ àárín pápá tí ẹnikẹ́ni kì í pàtẹ́wọ́ fún. Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní Rashidi Yẹkíní ńkọ́, ẹni tó gba gólù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà nínú ife àgbáyé ní 1994, tó sì ti fi Abiola Babes ti Abẹ́òkúta ṣe ilé rí. Mo gbà. Ẹ kọ̀wé, ẹ bá mi jà.

Ẹnìkan wà tí mi ò ní fi sínú ìjà náà, ṣùgbọ́n tí mi ò lè ṣàì dárúkọ. Tiamiyu Kazeem, tí wọ́n ń pè ní Kaka, ẹ̀yìn ló ń dì mú fún Remo Stars. Ọjọ́ 22 oṣù kejì 2020, ọlọ́pàá SARS mú un nínú ìlú Ṣàgámù yìí. Ojú títì ló kú sí, ọkọ̀ ló gbá a. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní wọ́n tì í bọ́ sílẹ̀ ni, ọlọ́pàá ní ó bẹ́ sílẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ Ṣàgámù tú jáde, ìlú gbóná, ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà kí gbogbo Nàìjíríà tó jáde lórí ọ̀rọ̀ SARS. Nígbà tí wọ́n ń gbé ife sókè ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 2025, òun ni mo rántí. Líìgì kejì ni ẹgbẹ́ wà nígbà tó kú.

Ó wá kan ìyá télọ̀. Ìyá náà ní ọmọ òun ọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mọ bọ́ọ̀lù gbá gan-an. Ó ku ọdún kan kó gba òmìnira. Ọkùnrin kan wá bá wọn, ó pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ńtì, ó ní kí wọ́n mú owó wá kí òun gbé ọmọ náà lọ sí Yúróòpù. Ìyá ti fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì. Ó ń bi mí bóyá kí òun tà á, nítorí ọmọ náà ní bí òun bá dúró nídìí ẹ̀rọ, òun ò ní di nǹkankan láyé.

Ìyá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tà á. Àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé kò gbà kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè mú ọmọ tí kò tó ọdún méjìdínlógún láti Nàìjíríà báyẹn. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ọmọ yín ní tòótọ́, òun ni yóò náwó lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Éjẹ́ńtì tòótọ́ ní ìwé àṣẹ, ẹ ní kó mú un wá, kí ẹ ní kí tíṣà kan bá yín kà á. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú nítorí ẹ bèèrè ìwé, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Kí ọmọ náà máa lọ sí pápá láàárọ̀ kùtù àti lọ́jọ́ Sátidé, kí ó parí ọdún kan tó kù. Ẹ sì ka ìtàn Mudà tó wà lókè yìí sí i létí, pé láti ìdí iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ti wá mú un.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí Remo Secondary School ní Ṣàgámù tàbí Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ láyé 1970 sí 1989, ẹ fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dọ̀ yín ránṣẹ́, àti ìdí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni n ó tò wọ́n síbí. Ọ̀gá mẹkáníìkì, mo ń retí lẹ́tà yín, ẹ rọra bú mi o.